Ẹni Tó Fi Irin Lu Ọkọ Mi

Iṣẹ́ ló gbé èmi àti ọkọ mi kúrò ní Ọ̀ṣun wá sí Sango-Ọ̀tà, bó ṣe gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn wá. A gba yàrá méjì ní Joju. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ ńlá kan tó ń yọ́ ike, tó sì ń tú u jáde ní kẹ́ẹ̀gì àti korobá. Èmi ń di bisikíìtì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n máa ń jẹ́ kí àwa òṣìṣẹ́ bu èyí tó bá ti rún lọ sílé, èmi náà á sì pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò. Wọ́n mọ ìgbà tí mo máa ń dé. Wọ́n á ti tò sẹ́nu ọ̀nà kí n tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn, nígbà tó dàgbà tán, ló fi irin gbá ọkọ mi lórí.

Ìdájí ni. Ọkọ mi ń lọ wọ ọkọ̀ ní Oju Ore kó lè tètè dé ibi iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta yọ sí i. Kò bá wọn jìjàkadì. Ó kó fóònù fún wọn, ó sì bọ́ àpò rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ti gba gbogbo ohun tí wọ́n wá gbà kí ọ̀kan tó gbé irin sókè. Àwọn obìnrin tó ń gbá títì ló rí i nílẹ̀ nígbà tí ojú mọ́.

Ó yè é. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún mi pé kí n dúpẹ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo gbé lọ sílé ìwòsàn kọ́ ni mo gbé padà wálé. Etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ní ńṣe ni òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀ ṣáá, òjò tí kì í dá. Ara rẹ̀ á kàn dédé le, á ṣubú lulẹ̀, á máa jà pìtìpìtì, ìfófòó á máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará ilé ní wárápá ni, wọ́n sì ń gbé abọ́ àwọn ọmọ wọn kúrò nítòsí abọ́ wa. Èyí tó tún burú jù ni ìbínú. Ọkùnrin tí kì í gbóhùn sókè wá di ẹni tó ń ju abọ́ ọbẹ̀ mọ́ ògiri nítorí pé ilẹ̀kùn dún.

Ní ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fara dà á díẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gbọ́ ìró ẹ̀rọ dáadáa kò lè mọ ìgbà tí ẹ̀rọ fẹ́ bàjẹ́. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé. Inú ìsinmi yẹn náà ló wà títí di òní.

Fóònù ló tú àṣírí. Ọmọ náà gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Sango, ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti mú un. Kò dárúkọ àwọn méjì yòókù. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ọmọ ilé kẹta sí wa ni, mo ní irọ́ ni. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀tà, ìran wọn ló ni ilẹ̀ tí ìdajì àdúgbò wa wà. Àràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ kí bàbá náà.

Àwọn àgbà ìdílé náà wá jókòó sí pálọ̀ wa.

Bàbá rẹ̀ ní, “Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Ìwà ọmọdé ló hù.”

Mo ní, “Bàbá, ẹni tó lágbára àtigbé irin ti kúrò lọ́mọdé.”

“A ó tọ́jú ọkọ yín.”

“Ẹ bá mi tọ́jú etí ẹ̀ kó gbọ́ràn, bàbá. Tó bá ti gbọ́ràn, mo máa lọ bá ọlọ́pàá pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.”

Wọ́n dìde. Ọkọ mi wà níbẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ń yí orí kiri láti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo lọ sí kóòtù, mo sọ ohun tí ojú mi rí, wọ́n sì sọ ọmọ náà sẹ́wọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ kò ti dáhùn ìkíni mi mọ́. Wọ́n ní obìnrin tó wá jẹun nílẹ̀ onílẹ̀ ló ran ọmọ onílẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Onílé wa, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí wọn, ní òun fẹ́ lo yàrá òun. A kó lọ sí òpópónà kejì.

Ọdún ń gorí ọdún. Èmi ni mò ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń fọ aṣọ tó bá tọ̀ sí nígbà tí àìsàn náà bá gbé e, èmi ni mò ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó bá bínú sí.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Ó múra dáadáa, ó sì ní ọ̀wọ̀. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n jókòó, kí òun máa tú ohun tó wà lọ́kàn wọn wò, kí wọ́n lè jáde ní ẹni ọ̀tọ̀. Ó ní ọmọ náà ti kọ́ iṣẹ́ bàtà, kò sì ní pẹ́ jáde.

Ó ní, “Mà, ó ti yí padà. Ìyà tí bàbá rẹ̀ fi ń jẹ ẹ́ ní kékeré ló sọ ọkàn rẹ̀ di bó ṣe rí. Ó ń sunkún tó bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ yín. Ó fẹ́ wá bẹ̀ yín.”

Mo bi í pé, “Ìgbà wo lẹ máa ń jókòó tì í?”

“Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, mà.”

“Ta ló ń jókòó ti ọkọ mi?”

Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi, mà.”

Mi ò bá a jà. Ó sọ òótọ́, òótọ́ náà ló sì dùn mí. Mo ti ń dìde kí n ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tí ọkọ mi sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. Mi ò mọ̀ pé ó gbọ́ wa.

Ó ní, “Kó wá.”

Nígbà tí wọ́n tú ọmọ náà sílẹ̀, ó wá lóòótọ́, òun, bàbá rẹ̀ àti obìnrin yẹn. Ọmọ náà ti rù. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àṣẹ, àfìgbà tí wọ́n sọ fún un kó tó wọlé, àfìgbà tí wọ́n tún sọ fún un kó tó mọ̀ pé òun lè súnmọ́ wa. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ pé ìbínú kan wà nínú òun tí òun kò mọ orísun rẹ̀, pé òun ti gbà pé òun jẹ̀bi, pé òun ń tọ ọ̀nà tuntun. Ọ̀rọ̀ náà ń dán lẹ́nu rẹ̀ bí ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Obìnrin yẹn ń mi orí.

Ọkọ mi gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ́ ẹ nìyẹn. Mo ti kó gbogbo nǹkan fún yín. Kí ló dé tó o tún fi lù mí?”

Bàbá ọmọ náà fẹ́ dá sí i, ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè.

Ọmọ náà ní, “Ẹ dá mi mọ̀, bàbá. Ẹ pè mí lọ́mọ. Ẹ ní, ‘Ọmọ mi, fi káàdì iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún mi.’ Àwọn tó kù ti ń sá lọ. Mo rò pé ẹ máa lọ sọ fún bàbá mi.”

Ọkọ mi ní, “Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tí mo bá jù lọ́jọ́ orí ni mò ń pè lọ́mọ mi.”

Ọmọ náà gbé orí sókè, ó wo ọkọ mi, ó tún wò mí, bíi pé kí n sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi kò sì parọ́, bó ṣe ń ṣe nìyẹn, ó ti pe àìmọye ọmọ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ẹkún burúkú. Ọkọ mi ní kó dìde. Èmi jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń ká aṣọ tí kò tíì gbẹ.

Bàbá ọmọ náà kan ṣọ́ọ̀bù onípákó fún un lẹ́bàá títì kó máa fi ṣe bàtà. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ibi iṣẹ́ tí mi ò bá ọkọ mi nílé. Ọ̀dọ̀ oníbàtà ló wà. Lójoojúmọ́ ló ń lọ jókòó síbẹ̀. Ọmọ náà ti kọ́ láti máa jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kì í sì í pariwo mọ́ ọn. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kan àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Abọ́ ò fọ́ nílé wa mọ́.

Ohun tí mo ń gbààwẹ̀ lé lórí láti ọdún wọ̀nyí wá nìyẹn, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wa ló tún ń bù ú fún wa padà. Wọ́n sì ń yìn ín. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Oju Ore pè é kó wá jẹ́rìí. Pásítọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá dì mọ́ ìyá rẹ̀ níwájú ìjọ. Mo ní mo ní iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo bẹ ọmọbìnrin kan níbi iṣẹ́ wa pé kí n bá a ṣe tiẹ̀. Ọkọ mi lọ. Ó dé pẹ̀lú ìrẹsì nínú ike, ó ní wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Mo gbé e fún ajá onílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n pè mí níbi iṣẹ́ pé àìsàn náà ti gbé ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sáré dé ilé ìwòsàn, fìlà tí a fi ń bo irun níbi iṣẹ́ ṣì wà lórí mi. Ọkọ mi ti ń sùn. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ rẹ̀ ti ya, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tó ti fi gba orí ọkọ mi dúró kó má baà gbá ilẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ kú orí ire, mà. Ọmọ yín ló gbé wọn wá. Ó ṣe dáadáa gan-an.”

Mo ní, “Kì í ṣe ọmọ mi.”

Nọ́ọ̀sì wo ọmọ náà. “O ní ọmọ wọn ni ẹ́.”

Ọmọ náà ní, “Ẹ má bínú, mà. Wọ́n bi mí ohun tí mo jẹ́ sí wọn. Mi ò mọ ohun tí mo lè pe ara mi.”

Mo ní, “Sọ ohun tó o jẹ́ fún wọn.”

Ó kọjú sí nọ́ọ̀sì, ó ní, “Èmi ni mo fi irin lù wọ́n tí wọ́n fi di báyìí.”

Nọ́ọ̀sì kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó wo ọmọ náà tàánútàánú, ó sì wo èmi bí ẹni pé èmi ni mo gbé irin náà. Mo rò pé ara máa tù mí tó bá ti sọ ọ́ jáde. Kò tù mí.

Nígbà tí ọkọ mi gbádùn, tí mo sì ń bá a ké pé kó má lọ síbẹ̀ mọ́, ó ní, “Gbogbo ohun tó o ń sọ fún mi yìí, lọ sọ ọ́ fún un.”

Mo lọ. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni, kò sí oníbàárà. Ó fi àga lọ̀ mí, mi ò jókòó. Mo dúró lójú pópó, mo sọ ọ́. Mo sọ ti aṣọ títọ̀, ti abọ́ tí wọ́n ń gbé kúrò nítòsí tiwa, ti ilé tí wọ́n lé wa kúrò. Mo sọ pé èmi kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọjọ́ yẹn, alágbàtọ́ ni mí. Mo sọ pé ìgbà tó ń gbádùn ìmọ̀ràn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, orí páálí bisikíìtì ni mo ti ń sunkún kí ọ̀gá má baà rí mi. Ohùn mi lọ sókè, àwọn ènìyàn ń yọjú. Ó di bàtà tó ń ṣe mú, kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, “Mo gbọ́, mà.”

Kò sí ẹlòmíràn tó tíì gbọ́ ọ tán. Èyí kò dùn mọ́ mi, mi ò sì tíì dárí jì í.

Àwọn ará àdúgbò ti ní a ti parí ìjà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ dúró dè mí lẹ́nu géètì wọn, ó sì kọ́kọ́ kí mi. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, mà,” mo sì ń bá ọ̀nà mi lọ, nítorí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ wa kì í dúró de ẹnikẹ́ni.