Ìjókòó Àwo Irin àti Odó Ìyá Mi

Mo rántí òórùn irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó pọ̀, bó ṣe máa ń wà lára aṣọ bàbá mi ní àwọn ọdún tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń ṣàkóso Bouaké. Àdúgbò Sokoura ni ilé wa wà. Kí ogun tó dé, bàbá mi ní ìsọ̀ kan létí Zone industrielle, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí, ó ń jó irin, ó sì ń tún ohun èlò oko ṣe. Nígbà tí ogun dé, àwọn ilé iṣẹ́ náà ti ìlẹ̀kùn wọn, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sá lọ sí Abidjan, wọ́n kó àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ẹ̀kọ́ tèmi náà sì tì. Bó ṣe di pé èmi ni mò ń bá bàbá mi di irin mú nìyẹn. Iṣẹ́ irin kò yé mi rárá, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí bàbá mi fẹ́ràn nípa mi: n kì í sọ̀rọ̀. Ojú máa ń tì mí débi pé bí àlejò bá kí mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wò tí mo bá ń dá a lóhùn.

Ọjà ti kú nígbà náà. Aṣọ tí ìyá mi ń tà kò rí ọ̀nà wọ ìlú mọ́, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí òjò ọdún náà bá dá láìjẹ́ pé a ní oúnjẹ nínú oko, a máa kó ẹrù wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó kàn fa àwọn báàgì ńlá jáde lábẹ́ ibùsùn, ó gbọn eruku wọn, ó sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé tàbí tó ń jáde lè rí wọn. Bàbá mi kì í wo ọ̀gangan ibẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n lé àwọn ènìyàn wa kúrò ní Ghana, tó ń tẹ̀ lé àwọn òbí rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò lórí. Ó máa ń sọ pé òun ti kó ẹrù tòun tán láyé yìí. Ní tèmi, n kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Bouaké ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Anago ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ènìyàn wa níbẹ̀, n kò sì mọ ohun tí wọn yóò máa pè mí níbẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ ẹ̀yà Baoulé, tó ní ilẹ̀ lójú ọ̀nà Gonfreville, ló fẹ́ yọ wá nínú ìṣòro náà. Ó ní katakata àtijọ́ kan, ó sì ní ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ìdí rẹ̀, èyí tí àwọn àwo irin tó mú bí ọ̀bẹ ń yí lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń tú ilẹ̀. Irin tí àwọn àwo náà jókòó lé ló ti kán. Àdéhùn wọn ni pé bí bàbá mi bá tún un ṣe, katakata yóò kọ oko onílẹ̀, yóò sì kọ abala kan fún wa tí a ó fi gbin àgbàdo àti gbágùúdá.

Ẹlòmíràn ì bá kàn jó irin náà padà, kó sì gba ilé lọ. Bàbá mi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ilẹ̀ náà kì í ṣe oríṣi kan, pé yanrìn ni apá òkè, amọ̀ ni apá ìsàlẹ̀, pé bí àwo bá ṣe dúró lórí yanrìn kọ́ ló yẹ kó dúró lórí amọ̀. Ó wá ṣe ìjókòó tí a lè yí. Irin pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n lu ihò sí lára yíká bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ènìyàn lè tú bóòtù rẹ̀, kó yí i, kó tẹ̀ ẹ́, kó gbé e sókè, kó sì tún dè é pa. Nígbà tó parí rẹ̀, ó ń rìn yí i ká nínú ìsọ̀, ó ń tú u, ó ń dè é, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Mo rò ó nígbà náà pé kò sí ìṣòro mọ́. Ohun tó kù kò ju pé ká fi ọmọlanke tì í dé oko.

Ṣùgbọ́n bàráàjì wà lójú ọ̀nà, ibi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti ń dá ènìyàn dúró. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí wọ́n gbé ìbọn ńlá sẹ́yìn rẹ̀. Okùn àti rọ́bà táyà ni wọ́n fi so ìbọn náà mọ́ òpó igi kan lẹ́yìn ọkọ̀, bí ẹni tó so ewúrẹ́. Wọ́n ní télọ̀ ni ọ̀gá wọn kó tó di ọ̀gá, òótọ́ sì ni pé kì í lè fara da ohun tó bá wọ́. Ó ní ká dúró, ó sì béèrè ohun tí a gbé.

Bó bá jẹ́ pé bàbá mi dáhùn pé irin oko ni, a ì bá ti kọjá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ogun ti dé, kò sẹ́ni tó tíì béèrè nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó bọ́ sí èdè Dioula, ó sì ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó. Ó lè kọjú síbí, ó lè kọjú sọ́hùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ kó wolẹ̀, á wolẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbójú sókè, á gbójú sókè. Bí ẹ bá sì ti dè é pa, kò sẹ́ni tó lè mì ín."

Ọ̀gá náà kò wo ìjókòó wa mọ́. Ìbọn rẹ̀ ló ń wò. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá Anago," ló wí, "Ọlọ́run ló rán yín sí wa."

Kí bàbá mi tó sọ pé àwo ìtúlẹ̀ lòun ń sọ, àwọn ọmọkùnrin náà ti gbé e kúrò lórí ọmọlanke. Wọ́n tiẹ̀ bá wa ti ọmọlanke òfìfo náà díẹ̀ lójú ọ̀nà ilé, wọ́n ń dúpẹ́. Nígbà tí a dé Sokoura tí ìyá mi béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, bàbá mi ní òun ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn dáadáa jù. Kò sì sí irin bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ìsọ̀ tí yóò fi ṣe òmíràn.

Ohun tí bàbá mi kò ṣàlàyé ni pé ìjókòó náà kò lè dúró ṣánṣán láé. Àwo tó bá dúró ṣánṣán kò lè tú ilẹ̀, ńṣe ni yóò kàn fa ìlà sí i. Nítorí náà, ihò èyíkéyìí tí wọn ì báà ki bóòtù sí, ìjókòó náà á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìbọn ńlá tí wọ́n gbé lé e wá ń fì, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Ara ọ̀gá télọ̀ kò gbà á. Wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ jọ sábẹ́ táyà ọkọ̀ lápá kan títí ìbọn fi dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá ń fì, kò sì lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ pọn omi, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ.

Sípánà wa nìkan ló bá bóòtù náà mu, ìyá mi sì ní sípánà kò ní sùn sí bàráàjì. Bàbá mi ní òun kò fẹ́ fojú kan ibẹ̀. Èmi tí n kò lè dúnàádúrà búrẹ́dì, èmi ni mo wá di ẹni tó ń yí ìbọn ọlọ̀tẹ̀. Láràárọ̀ mo máa ń gbé sípánà lọ, màá kọ ojú ìbọn sí ọ̀nà Gonfreville, bí oòrùn bá sì mú, wọn á tún ránṣẹ́ pè mí kí n wá yí i kúrò lójú oòrùn. Bí wọ́n bá rí mi lókèèrè, wọn á dìde, wọn á kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá ológun, wọn á ní "Mẹkaníìkì Anago ti dé o." Bóòtù ni mo máa ń tẹjú mọ́. N kò ronú pé ìbọn ni mò ń yí. Mò ń rò ó pé bóyá wọ́n ń wo ìránṣọ tó ti tú nídìí aṣọ mi.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Bàbá onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó síwájú ilé wa láràárọ̀, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún. Á wo ojú ọ̀run, á wo bàbá mi, á tún wo ojú ọ̀run, á sì lọ. Òjò kejì rọ̀. Nígbà tí mo padà dé láti bàráàjì lọ́jọ́ náà, mo rí i pé àwọn báàgì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ti ní ikùn. Ìyá mi ti ká aṣọ sínú wọn. Bàbá mi jókòó síbi tó ti lè kẹ̀yìn sí wọn.

Láàárín ìyẹn ni ìròyìn dé pé ọ̀gá àgbà àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń bọ̀ wá wo àwọn bàráàjì. Ọ̀gá télọ̀ ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ kúrò lórí iyẹ̀pẹ̀, nítorí ìtìjú gbáà ni. Bí wọ́n ti gbé e sọ̀kalẹ̀ ni ìbọn tún tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbìyànjú gbogbo ihò tó wà lára irin náà. Ọ̀gá télọ̀ di ojú kan, ó wò ó bí ẹni tó ń wo etí ṣòkòtò, ó sì mí kanlẹ̀.

"Kí ló tiẹ̀ tún dúró ṣánṣán nínú ìlú yìí?" ló wí.

Kì í ṣe èmi ló ń bi. Kò tiẹ̀ bi ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ níbẹ̀ láìfọhùn, n kò sì mọ ibi tí ohùn mi ti jáde.

"Odó ìyá mi," ni mo wí.

Ọ̀gá télọ̀ wojú mi, ó wo ìbọn, ó sì ní kí wọ́n lọ gbé odó náà wá.

Àwọn ọmọkùnrin náà gbé e, ṣùgbọ́n ìyá mi tẹ̀ lé wọn láti Sokoura dé bàráàjì, ọmọ odó léjìká rẹ̀. Bàbá mi ń tẹ̀ lé e, bàbá onílẹ̀ ń tẹ̀ lé bàbá mi, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n ti gbé odó kalẹ̀ ni ìyá mi jókòó lé e.

"Ọmọ mi," ló wí fún ọ̀gá télọ̀, "odó tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi rèé. Gbé irin ọkọ mi kalẹ̀, kí n dìde kúrò lórí odó."

"Màmá, irin yẹn ti di ti ogun."

"Odó kò tíì di ti ogun. Abẹ́ ìdí mi ló ṣì wà."

Ọ̀gá náà wo ojú ọ̀nà, bóyá ọ̀gá àgbà ti ń bọ̀. Ó ní kí n tú bóòtù. N kò tú bóòtù kíákíá bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Wọ́n gbé odó sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ti ẹsẹ̀ ìbọn bọ̀ ọ́ nínú, wọ́n da amọ̀ yí i ká, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń gún un kó ki. Ìyá mi ní kí wọ́n yàgò. Ó gun orí ọkọ̀, ó sì fi ọmọ odó gún amọ̀ náà yí ẹsẹ̀ ìbọn ká títí ó fi dì. Ìbọn dúró ṣánṣán. Bí wọ́n bá fẹ́ yí i, odó ni wọ́n ń dì mú yí.

Ọ̀gá àgbà dé. Ó yí ọkọ̀ náà ká, ó fi ọwọ́ kan ẹnu odó. Ó béèrè ẹni tó ní ọgbọ́n yìí. Mò ń wo bàtà rẹ̀, mò ń gbàdúrà. Ọ̀gá télọ̀ ní òun ni, n kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá àgbà wá pàṣẹ pé kí àwọn bàráàjì yòókù wá odó tiwọn.

Kí oòrùn tó wọ̀, kò sí odó kankan mọ́ lójú agbo ilé ní Sokoura. Abẹ́ ibùsùn ni àwọn obìnrin kó wọn sí. Inú yàrá ni wọ́n ti ń gún futú, iyán àwọn ará ibẹ̀, wọ́n ń tẹ́ matírẹ́ẹ̀sì sábẹ́ odó kí ìró rẹ̀ má bàa jáde, bí ẹni tó ń ṣe ọtí tí ìjọba kà léèwọ̀. Bí mo bá ń kọjá, wọn á dáwọ́ iyán gígún dúró, wọn á máa wò mí. Ilé tiwa nìkan ni kò ní nǹkan tó fẹ́ fi pamọ́.

Katakata kọ ilẹ̀ náà, yanrìn àti amọ̀. Bàbá mi dúró sí ààlà, ó ń na ìka sí mi, mo sì ń yí ìjókòó náà sí ibi tó bá fẹ́. A gbin àgbàdo kí òjò tó dá. Mo kàn dé ilé lọ́jọ́ kan, mo rí i pé aṣọ wa ti wà lórí okùn, inú àwọn báàgì náà sì ṣófo.

Ogun ti lọ, bàráàjì ti lọ, ọ̀nà Gonfreville ti di ọ̀nà tí ènìyàn kàn ń gbà kọjá. Bouaké náà ni a ṣì wà. Ojú ṣì máa ń tì mí. Àwọ̀ ewé tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi kun ìjókòó náà ṣì wà lára rẹ̀, bàbá mi kò jẹ́ ká kùn ún ní òmíràn, ọdọọdún tí òjò bá sì fẹ́ dé, èmi ló ń gbé sípánà fún. Àwọn báàgì wà lókè àjà, irúgbìn àgbàdo ló wà nínú wọn.

Odó náà padà wálé nígbà tí wọ́n tú bàráàjì ká. Ìyá mi fi omi gbígbóná fọ amọ̀ rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n yíyí tí wọ́n ń yí i lórí irin ọkọ̀ ti jẹ ìdí rẹ̀ lápá kan, kò lè dúró ṣánṣán mọ́. Bí ìyá mi bá fẹ́ gúnyán, á kọ́kọ́ wá òkúta pẹlẹbẹ kan, á tì í bọ abẹ́ rẹ̀, á di ojú kan wò ó, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbé ọmọ odó.