Ìbéèrè Tí Mo Bi Bọ̀dá Mi Nípa Amẹ́ríkà

Ó ku ọjọ́ kan kí n dúró níwájú àwọn olùkọ́ yunifásítì wa ní Malete láti gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ìwé ìtàn àròsọ Amẹ́ríkà àtijọ́ kan ni iṣẹ́ náà dá lé: bí òǹkọ̀wé rẹ̀ ṣe ṣàfihàn àlá Amẹ́ríkà, ìyẹn ìgbàgbọ́ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kára, ilé yòówù kí wọ́n bí i sí, yóò di èèyàn pàtàkì. Mo kọ ọ́ pé irọ́ ni ìwé náà pe àlá yìí. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn yẹn. Ó ní, "Wọ́n máa bi ọ́ ní èyí. Múra sílẹ̀."

Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo pe bọ̀dá mi tó ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún mẹ́fà. Àfáà ni bàbá wa, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nínú agboolé wa n'Ílọrin, kò sì sí àlejò tí kì í sọ fún pé ọmọ òun ti rí ṣe lókè òkun. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àlàásárì tán ni, ó jókòó sórí ẹní lẹ́yìn mi, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo fi fóònù sórí sípíkà kí n lè ráyè kọ̀wé.

"Bọ̀dá mi, ṣé òótọ́ ni àlá yẹn àbí irọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀?"

Kí n tó la ẹnu, ó ti ń sọ ọ́ lọ. "Inú mọ́tò ni mo ń sùn láti oṣù mẹ́ta. Ilé tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ilé ọ̀gá mi ni. Má jẹ́ kí Bàbá gbọ́ o."

Mi ò gbúròó tẹ̀sùbáà mọ́. Mi ò lè yíjú padà. Ọwọ́ Bàbá kọjá léjìká mi, ó mú fóònù.

"Mo ti gbọ́. Ṣé o jẹun lónìí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú..."

"Oúnjẹ ni mo bi ọ́."

"Mo jẹ búrẹ́dì."

"Padà wálé."

"Mi ò lè wá lọ́wọ́ òfo, Bàbá. Kí lẹ máa sọ fáwọn èèyàn?"

"Èmi ni mo sọ̀rọ̀ fún wọn, kì í ṣe ìwọ. Èmi náà ni n ó wá nǹkan sọ."

Ó dá fóònù padà fún mi, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró níwájú àwọn olùkọ́ mẹ́ta. Obìnrin àárín wọn ṣí iṣẹ́ mi síbi ìlà pupa náà.

"O ní irọ́ ni. Ẹni inú ìtàn yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí kò fi padà sílé?"

Mo pa ìwé tí mo kọ ìdáhùn sí dé.

"Ojú ń tì í, Mà. Àwọn tó fi sílẹ̀ nílé ti gba àlá náà gbọ́ ju òun fúnra rẹ̀ lọ."

"Inú ìwé lo ti rí i?"

"Ó wà níbẹ̀, Mà. Mi ò rí i tẹ́lẹ̀ ni."

Wọ́n ní kí n lọ tún orí yẹn kọ. Mo tún un kọ, mo sì yege.

Bọ̀dá mi ò tíì wálé. Ó ti rí yàrá kan báyìí, òun àti ọmọ Ìlọrin kan ni wọ́n jọ ń gbé inú rẹ̀. Tí àlejò bá béèrè rẹ̀, Bàbá á ní, "Nǹkan ò rọrùn fún un. Ẹ bá mi ṣàdúà fún un." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, omi ni mo ń gbé fún àlejò náà. Mo rọra gbé e sílẹ̀, mo sì gba ẹnu ọ̀nà jáde, kí ojú má baà ti Bàbá níwájú mi.