Aṣọ Funfun tí Mo Gbé Kúrò Nínú Oòrùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì ga ju ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kámẹ́rà bàbá mi ń dúró lé lọ, Ìkọ̀tún kì í ṣe irú ibi tí ẹ ń wò yìí. Oko ló pọ̀ jù níbẹ̀. Owó epo rọ̀bì ti dé ìgboro Èkó, àwọn èèyàn ti ń ra tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ti ń kọ́lé bọ̀ lọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò tíì dé àdúgbò tiwa. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kan ṣoṣo ni bàbá mi, onífọ́tò tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, fi ń ya gbogbo oníbàárà rẹ̀.

Àwọn ará ilé máa ń bi í pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe. Ó ń kọ́ mi lọ ní tirẹ̀. Ẹyin adìyẹ ló kọ́kọ́ fi kọ́ mi. Ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní kí n wò ó títí n ó fi rí ibi tó mọ́, ibi tó ṣókùnkùn, àti ibi tí méjèèjì ti pàdé. Mo wò ó títí ebi fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Ó wá ní, "Bí ojú èèyàn ṣe rí náà nìyẹn. Ibì kan ni kí ìmọ́lẹ̀ ti máa wá. Ibi tí kò bá dé, aṣọ funfun la fi ń dá a padà síbẹ̀." Bí mo ṣe di agbáṣọ nìyẹn. A kan aṣọ náà mọ́ férémù igi, èmi ni mo ń gbé e kí oòrùn fèrèsé lè bà á, kó sì padà sójú ẹni tó jókòó. Mo mọ̀ ọ́n gbé, n kò ní purọ́ fún yín, mo sì ti ń fi ṣe fáàrí láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun àwọn Aládùúrà pọn ọmọbìnrin kan wá láti Àgbàdo. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Kẹ́hìndé ni. Gìrì ti gbé Táíwò lọ ní oṣù tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé a kì í sọ pé ìbejì kú. Obìnrin náà ní Táíwò lọ ra iyọ̀. Láyé àtijọ́, wọn ì bá gbẹ́ ère fún èyí tó lọ, kó má baà máa pe èkejì rẹ̀. Ìjọ wọn kò sì fẹ́ ère. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń dà á láàmú pé bí kò bá ṣe nǹkan kan, Kẹ́hìndé náà yóò tẹ̀lé e. Fọ́tò ló rò pé ó kù, bẹ́ẹ̀ wọn kò ya àwọn ọmọ náà pọ̀ rí. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá mi.

"Ẹ bá mi ya àwọn méjèèjì pọ̀, sà. Eléyìí nìkan ló kù fún mi."

Gbogbo onífọ́tò ìgbà yẹn ló mọ irú iṣẹ́ náà. Wọn á ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan bíi Táíwò, lẹ́ẹ̀kan bíi Kẹ́hìndé, wọn á wá so méjèèjì pọ̀ sójú ìwé kan. Ìmọ́lẹ̀ ló le níbẹ̀. Bí kò bá dọ́gba, irọ́ náà á hàn.

A kọ́kọ́ yà á bíi Táíwò. Ó kọjú sí fèrèsé, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà bàbá mi yí i padà, ó kẹ́yìn sí fèrèsé, ó kọjú sí ibi tí Táíwò yóò wà nínú fọ́tò. Aṣọ ọwọ́ mi nìkan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i lójú báyìí. Ọmọ náà dorí kodò. Kó lè gbójú sókè, bàbá mi sọ ohun tí kò yẹ kó sọ.

"Kẹ́hìndé, wo Táíwò."

Ọmọ náà gbójú sókè lóòótọ́. "Ibo ló wà?" Ó ń ṣẹ́jú pàkòpàkò nínú ìmọ́lẹ̀ aṣọ mi, ó wá fi ọwọ́ ṣíji bo ojú kó lè rí i dáadáa. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó dà bíi pé èmi ni mo dí i lójú tí kò fi rí èkejì rẹ̀. Mo gbé aṣọ kúrò nínú oòrùn. Ojú ọmọ ni bàbá mi ń wò, kò wo ọwọ́ mi, ó sì tẹ kámẹ́rà.

Ìgbà tó fọ fíìmù, tó sì so méjèèjì pọ̀ sójú ìwé, ló rí i pé ojú Kẹ́hìndé dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó bi mí pé, "Ṣé ìkùukùu bo oòrùn nígbà yẹn ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹ̀rù bà mí pé yóò gba aṣọ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí obìnrin náà padà wá, òun nìkan ló wá. Bàbá mi fi fọ́tò hàn án, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ọmọ padà wá kí òun tún un yà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ìkùukùu ló bo oòrùn. Obìnrin náà fi ìka kan Táíwò, ó fi kan Kẹ́hìndé. Ó ní, "Èyí tó lọ ló wà nínú ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ti fojú pamọ́ fún èyí tó kù." Ẹ̀rù ti mú un. Mo dúró tì wọ́n. Ká ní mo sọ pé "ọwọ́ mi ni, mà," ẹ̀rù náà ì bá kúrò lára rẹ̀ níbẹ̀. N kò sọ ọ́. Ó fi fọ́tò sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ.

Títí bàbá mi fi kú, n kò sọ òótọ́ fún un. Nígbà tí mo dàgbà mo wá obìnrin náà lọ sí Àgbàdo. Wọ́n ní ó ti kó ẹrù lọ tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá Kẹ́hìndé wà láàyè.

Lóde òní, ẹ̀yin ọmọ ń ya ara yín nígbà ogún kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ kì í wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, fóònù á bá yín tún un ṣe jàre. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi rí fọ́tò náà nínú àpótí mi. Ó yà á sínú fóònù, ó fi ìka fa nǹkan kan, ojú Kẹ́hìndé sì mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣíji bo ojú. Ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, ó ti dáa." Mo ní ó ṣeun. N kò mọ ẹni tí n ó gbé e lọ fún.