Ohemaa Orí Ìdì Aṣọ

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ sún mọ́ mi, ayọ̀ ò jẹ́ n lè jókòó! Kékeré ni mo wà, mi ò tíì wọ iléèwé, nígbà tí ìyá àgbà mi máa ń mú mi lọ sí ọjà Kejetia nílẹ̀ Aṣáńtì níbí, níbi tó ti ń ta aṣọ. Ọjà àtijọ́ ni mo ń wí o, kí wọ́n tó wó o kọ́ tuntun. Èrò ibẹ̀ pọ̀ páà! Tí ìyá kan bá mú ọmọ kékeré wá, kì í gbé e sílẹ̀ rárá, orí ọjà tó ń tà ló máa gbé e sí. Ìdì aṣọ ńláńlá ni tiwa, wọ́n tò ó léra títí ó fi ga ju àgbàlagbà lọ, orí ẹ̀ téńté ni ìyá àgbà máa gbé mi sí.

Inú mi kì í dùn sí i. Àwọn ọmọ tó jù mí lọ ń ṣeré nísàlẹ̀.

"Ìyá àgbà, mo fẹ́ sọ̀."

"Sọ̀ lọ síbo? Jókòó síbẹ̀, Ohemaa." Bí àwọn Aṣáńtì ṣe ń pe ọbabìnrin nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnì kan kàn pariwo "Ogya!", ìyẹn iná lédè Twi. Ha! Gbogbo ọjà ya lù wá. Ìyá àgbà kẹ̀yìn ti ìdì aṣọ, ó na ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, ó sì fi ara dí i kó má baà wó. Wọ́n ń tì í, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń kígbe, "Maame, sá o!"

"Kí n sá, kí n wá fi ta ni sílẹ̀?"

Mo ń sunkún lókè, àmọ́ ọwọ́ ẹnì kankan ò kàn mí. Àṣé èéfín ẹni tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán ni! Nígbà tí èrò kọjá, gèlè ìyá àgbà ti lọ, èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀ náà ti lọ. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ohemaa, ṣé o ṣì wà lórí ìtẹ́?"

Kò pẹ́ sí i, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fante New Town, tíṣà àwọn ọmọdé kọ ọ̀rọ̀ Hébérù kan sójú pátákó: Mísígábù. Ọmọkùnrin kan ní, "Ó dà bí orúkọ bisikíìtì!" A rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà ní àwọn ará ìgbàanì fi ń pe Ọlọ́run ni, pé ó jẹ́ odi tó ga débi pé ọwọ́ ọ̀tá ò lè tó ẹni tó wà níbẹ̀. Ó ní ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

"Odi àwọn sójà ní Adum!" ni ọmọ kan dáhùn.

Kí n tó mọ̀, mo ti dìde. "Tíṣà, èmi ti jókòó lórí ẹ̀ rí!"

"Lórí Ọlọ́run?" ni tíṣà bi mí. Ẹ̀rín tún bú. Mo bá ròyìn gbogbo ohun tí ìyá àgbà ṣe lọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Tíṣà ní kí n lọ pe ìyá àgbà wá kí wọ́n kí i. Nígbà tí ìyá àgbà dé, ó fi ìró bo ẹsẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi ò lẹ́wà." Èmi ò tíì rí ẹsẹ̀ tó lẹ́wà tó tiẹ̀ rí o!

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin àbúrò mi. Kejetia ti di ilé alájà, ṣọ́ọ̀bù ní ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ń gbé ọmọ sórí ìdì aṣọ mọ́. Ìyá àgbà náà ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Àmọ́ Mísígábù ò kúrò níbi tó wà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, èmi ni wọ́n fi ṣe tíṣà yín, èmi! Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni kíláàsì wa. Ó wu ìyá àgbà kó gbọ́ mi, mo bá pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn.

"Sọ̀ mí, ọmọ yìí, sọ̀ mí kalẹ̀!"

"Sọ̀ ẹ́ síbo? Jókòó síbẹ̀, Ohemaa."