Ṣúgà Ó-Ti-Kù-Díẹ̀

Ó-Ti-Kù-Díẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe télọ̀ yìí, ẹ má sì bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀yin náà ti gbé aṣọ fún télọ̀ rí. Aṣọ tí kò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn, ó ti kù díẹ̀. Èyí tó ti sọnù sí i lọ́wọ́, òun náà ti kù díẹ̀.

Àtọ̀gbẹ wá mú un. Ó jáwọ́ nínú ohun dídùn, ó ń mu tíì kíkorò, ó ń lo oògùn ẹ̀ déédéé, síbẹ̀ ńṣe ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń gòkè. Ìyàwó ẹ̀, adájọ́ tí kò ní kóòtù, ti dá a lẹ́bi pé ó ń jẹ súìtì ní kọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń tú àpò ṣòkòtò ẹ̀. Dókítà ní tí kò bá wálẹ̀ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ló kàn. Ọkùnrin tó ti ń fi abẹ́rẹ́ jẹun látìgbà èwe, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ wá ń bà á bí ọmọ ọwọ́.

Dókítà bi í pé, "Bàbá, tí oníbàárà bá kan ilẹ̀kùn, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń wọ abẹ́ tábìlì."

"Àyà yín ńkọ́?"

"Á máa lù kì-kì-kì."

"Ṣúgà yín nìyẹn. Ọpọlọ yín rò pé ẹkùn ló dé. Á ránṣẹ́ gba inú iṣan lọ sọ́dọ̀ ohun kékeré kan tó jókòó sórí kíndìnrín. Ìyẹn á tú kẹ́míkà sẹ́jẹ̀, ẹ̀dọ̀ yín á sì kó ṣúgà tó fi pamọ́ síta, kẹ́ ẹ lè rí agbára sá. Ẹ̀yin ò wá sá. Ẹ lọ lúgọ!"

Télọ̀ wa bá ronú pìwà dà. Kì í ṣe nítorí Ọlọ́run o, nítorí abẹ́rẹ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́. "Mi ò tíì gé e." "Mo ti gé e, àmọ́ ó kéré." Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà: àwọn oníbàárà ń pariwo, òun jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ń mu tíì. Ẹ má rò pé ó wá ń yára ránṣọ o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó ẹ̀ gún un níka, ó wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ṣúgà ti wálẹ̀! Ẹnu ẹ̀rín yẹn ni wọ́n wà tí màmá àgbà kan tó jẹ́ tíṣà fi wọlé, ó wá gba aṣọ tó fẹ́ wọ̀ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Mi ò tíì fọwọ́ kàn án," ni télọ̀ wí, ohùn ẹ̀ tutù bí omi àmù.

Màmá jókòó gbì. Òógùn bo imú ẹ̀. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí," ló ń wí. "Èmi náà ní àtọ̀gbẹ o."

Ìyàwó télọ̀ pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ó gún màmá níka. Ó wo ẹ̀rọ náà títí, ó wá gbé e síwájú ọkọ ẹ̀.

"Ẹ wò ó. Ṣúgà tẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀, orí màmá lẹ gbé e lé."

Àánú màmá ṣe télọ̀, ojú sì tì í. Ó fa aṣọ náà yọ lábẹ́ òkìtì, ó gbé sísọ́ọ̀sì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kò purọ́, kò sì rojọ́: aṣọ ló ń gé.