Bàbá Onírun Funfun Inú Tẹlifíṣọ̀n

Inú tẹlifíṣọ̀n ni bàbá tó wo orúnkún ìyá mi sàn ń gbé. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí létí, ẹ má tíì fi mí rẹ́rìn-ín. Àsìkò tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Lẹ́kí kọjá sí Àjá ni, tí eruku ń wọlé bá wa ní Thomas Estate bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà náà.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tí ó wá kù díẹ̀, dókítà tó ń yẹ àwọn arìnrìn-àjò wò sọ fún wọn pé tí wọn ò bá lè dé ilẹ̀ kí wọ́n sì dìde fúnra wọn, láìdi nǹkan kan mú, òun ò ní fọwọ́ sí ìwé wọn. Ó fún wọn ní oṣù mẹ́ta. Orúnkún wọn sì ti daṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun, ohun tó ń dùn wọ́n jù láyé nìyẹn.

Wọ́n á ní, "Ṣé orí àga náà ni mo máa jókòó sí níwájú ilé Ọlọ́run, bí ẹni tó wá kí àna?"

Èmi á sì lọ gbé àga wá.

Dókítà ní kí wọ́n máa rìn. Kí wọ́n rìn lọ síbo? Katakata ló ń rìn níta géètì wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jáde, wọ́n kan kòtò, wọ́n yà fún un, wọ́n kan òmíràn, wọ́n dúró sáàárín méjèèjì. Ẹni tó jáde lọ rìn, kẹ̀kẹ́ márúwá ló gbé wọn wálé.

Inú tó bí mi ló jẹ́ kí n rántí géèmù. Àbúrò mi tó wà lókè òkun ló fi í ránṣẹ́ sí mi nítorí ikùn mi tó yọ síta, ìwọ̀sí gbáà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo jù ú sí pẹ̀lú páálí rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, wọ́n máa ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì ní pátákó funfun kan téèyàn máa ń dúró lé. Ẹni inú tẹlifíṣọ̀n á máa ṣe eré ìdárayá, ìwọ náà á máa ṣe bíi tiẹ̀, pátákó á sì máa ṣọ́ ẹ bóyá ò ń ṣe é dáadáa.

Pátákó yẹn a máa ké "ọ́ọ̀" téèyàn bá ti gùn ún. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ kíá, wọ́n ní àwọn ti ni ín lára. Mo ní ẹ̀rọ ni, kò mọ nǹkan kan. Wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n sọ fún pátákó pé, "Má bínú, mi ò sanra tó báyìí tẹ́lẹ̀." Wọ́n ṣe bìsìmílàhì, wọ́n tún gùn ún.

Eré sísá la fi bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á máa sá lójú kan, àwòrán rẹ̀ á máa sá lọ létí òkun nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn mìíràn á sì máa sá bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Gbogbo ẹni tó pàdé ìyá mi ni wọ́n dúró kí. Ẹ kú eré o, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n á sì dúró gba èsì. Géèmù kọ ọ́ síta pé wọn ò sáré rárá. Géèmù ni mo jágbe mọ́, torí mi ò lè jágbe mọ́ ìyá mi.

Mo wá yí i sí ibi tí olùkọ́ wà. Ọkùnrin kan ni, apá rẹ̀ ki, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ funfun bí òwú. Mo rò pé ẹni tó yà á ló kàn rò pé ó máa bá a mu. Olùkọ́ yìí fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó fi àyà kan ilẹ̀, ó gbéra, ó tún fi àyà kan ilẹ̀. Ẹ bá mi wò ó, kí ni ọmọ Yorùbá máa pe ìyẹn?

"Àgbàlagbà ń dọ̀bálẹ̀ fún mi," ni ìyá mi wí, wọ́n sì kúnlẹ̀ gbì lórí pátákó. "Bàbá, ẹ dákun sà, ẹ dìde, mi ò tó bẹ́ẹ̀."

Bàbá gbéra. Ìyá mi fọwọ́ ti orúnkún, wọ́n rọra dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá tún lọ sílẹ̀. Ìyá mi náà tún kúnlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo kà, èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Orúnkún tí kò gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu nìyẹn o.

Àfi bí iná ṣe lọ, bàbá ṣì wà nílẹ̀. Ìyá mi ò dìde. Wọ́n ní kí n lọ tan jẹnẹrétọ̀, kí n má pẹ́, pé bàbá kò tíì gbéra. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, mo ń bú àbúrò mi. Nígbà tí iná dé, wọn ò sinmi àfi ìgbà tí mo wá bàbá náà jáde, tí wọ́n rí i pé ó ti dìde.

Lọ́jọ́ kejì mo ṣàlàyé fún wọn pé àwòrán lásán ni, kò rí wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé.

"Mo mọ̀ pé àwòrán ni," ni wọ́n wí. "Ṣé àwòrán àgbà kì í ṣe àgbà ni?"

Ọ̀rọ̀ parí. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ bẹ bàbá, láràárọ̀ ni bàbá kì í gbọ́. Èmi náà gbìyànjú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àmọ́ bí àyà mi bá ti kan ilẹ̀, wọ́n á ní, "Ó tó, dìde, wàá rí ti ọmọ tìẹ." Ta ló máa gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ tí á tún dùbúlẹ̀ síbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí ikùn mi fi wà níbi tó wà títí dòní. Nígbà tó máa fi pé oṣù méjì, ìyá mi kì í fọwọ́ ti orúnkún mọ́.

Oṣù mẹ́ta pé, a lọ bá dókítà. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì dìde. Wọ́n jókòó. Wọn ò lè dìde. Wọ́n ń wò mí bí ọmọ kékeré, ojú wọn ti kún fún omi. Kò sẹ́ni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn, orúnkún ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè é sí. Èmi ni mo fà wọ́n dìde lọ sórí àga. Dókítà ti ń kọ nǹkan sínú ìwé. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó kàn jẹ́ bàbá arúgbó kan, tí òun náà ń lọ sí Mẹ́kà, irun rẹ̀ funfun láìkù síbì kan. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹní, wọ́n ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ni apá bá yẹ̀, àyà wọn bá kan ilẹ̀ níwájú àga ìyá mi.

Ìyá mi ti kúnlẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú. "Bàbá, ẹ dákun sà, mi ò tó bẹ́ẹ̀." Wọ́n dìde, wọn ò di àga mú, wọn ò di èmi mú, wọ́n sì na ọwọ́ sí bàbá.

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Ìyá, ta ló gbé yín dìde?"

"Ta ló máa gbé mi? Ẹ wá bá mi gbé bàbá."

Ó ya ìwé tó ń kọ, ó mú òmíràn, ó fọwọ́ sí i. Ti bàbá ni kò fọwọ́ sí. Ó ní kí wọ́n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ìyá mi júwe ilé wa fún bàbá lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí àkókò ìrun ìrọ̀lẹ́ tó, mo gbé àga wá bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí kò sí bàbá kankan nínú yàrá yẹn, mo ti pa tẹlifíṣọ̀n. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé láti lọ fà wọ́n, ni wọ́n bá dìde fúnra wọn. Inú mi dùn gan-an. Mo kàn gbé àga náà, mo ń gbé e lọ síta.

"Má gbé e jìnnà," ni ìyá mi wí lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán. "Ọ̀la ni bàbá máa bẹ̀rẹ̀."