Ọ̀nà Tí Rédíò Da Ọ̀dà Sí

Ní gbogbo àsìkò tí ìyá mi fi wà lọ́dọ̀ wa ní Thames View, ní Lọ́ndọ̀nù níbí, rédíò méjì ló máa ń jí wa láràárọ̀. Ti ọkọ mi wà lórí fìríìjì ní kíṣìnì, ó ń ka ìròyìn Lọ́ndọ̀nù. Ti ìyá mi wà nínú fóònù tó máa ń gbé sórí ìrọ̀rí, ó ń ka ìròyìn gómìnà. Ìròyìn gómìnà ni mo sọ, mi ò ṣì í sọ. Rédíò ìjọba ìpínlẹ̀ wa ni, a sì mọ̀ ọ́n láti kékeré. Bí gómìnà bá sín, wọn á ní ó sín ire, wọn á sì wá ọba kan tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fi rédíò náà sínú fóònù yẹn. Lẹ́yìn tí a sin bàbá mi ni mo mú ìyá mi wá, nítorí ilé ti tóbi jù fún òun nìkan, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, orí àga tí mo fi í sí lẹ́bàá fèrèsé ni mo ṣì ń bá a, tó ń wo bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Barking àti èyí tó ń bọ̀. Mo bi í pé ṣé ẹ jẹun, ó ní òun jẹun. Mo bi í pé kí lẹ wá ń rò, ó ní kò sí. Ọkàn mi bàjẹ́. Ọjọ́ tí mo wá rí rédíò ilé wa lórí ayélujára, tí mo tẹ̀ ẹ́, tí ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jáde, tó ń kí àwọn ará Ìjẹ̀bú káàárọ̀, ìyá mi dìde dúró. Ó dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ọmọ mi, ilé ńkọ́?" Láti ọjọ́ yẹn ni ara rẹ̀ ti yá, mo sì ń yin ara mi pé mo gbọ́n.

Ọkọ mi ní tirẹ̀ kì í gbọ́ ìròyìn kó má bá a jà. Bọ́ọ̀sì ló ń wà, ó sì gbà pé rédíò ìlú yìí kórìíra àwa tí a ti òkè òkun wá. Bí wọ́n bá ti mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tó ń wọ̀lú, yóò gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀? Ta ni wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀? Ẹni tí kò fẹ́ rí wa nìkan ni." Bàbá òyìnbó kan wà ní ilé kejì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò àtijọ́, níbi tí wọ́n ń kọ́lé tuntun sí báyìí ní Beam Park. Òun náà ń gbọ́ rédíò kan náà. Ó ní àwa àlejò gan-an ni wọ́n ń gbè lẹ́yìn, pé wọn kì í ka ọmọ onílẹ̀ kún. Àwọn méjèèjì á dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà tó pààlà, ọ̀kan nínú aṣọ dẹ́rẹ́bà, èkejì pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, wọn á máa bú rédíò. Wọn kì í jà o. Bí wọ́n bá bú u tán, bàbá náà á já tòmátì fún ọkọ mi.

Ìyá mi ní kí n túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ fún òun. Nígbà tí mo túmọ̀ tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó ní, "Ṣé rédíò méjì ni wọ́n ń gbọ́ ni, àbí ọ̀kan?" Mo ní ọ̀kan ni. Ó ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo wá gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, mi ò sì tíì mọ ẹni tó jàre." Ó padà sídìí ẹ̀wà tó ń bó.

Aláṣọ funfun ni wá. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní River Road, nínú ilé ìkẹ́rù kan tí a kùn ní funfun, láàárín ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe àti ibi tí wọ́n ń kó páálí sí. Ẹni tó bá mọ ìjọ wa mọ̀ pé a kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Nílé, láti inú yàrá ni ìyá mi ti ń wọ tirẹ̀, tí yóò fi ẹsẹ̀ lásán gba àárín ọjà kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọn á máa kí i lọ́tùn-ún lósì pé, "Ìyá Ìjọ, ẹ rántí wa nínú àdúrà o." Ní Lọ́ndọ̀nù, inú báàgì náílọ́ọ̀nù ni sùtánà náà ń bá wa wọ bọ́ọ̀sì. Ta ni yóò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ títì nínú òtútù yìí? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti ń pààrọ̀ aṣọ, láàárín bàtà rẹpẹtẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, ìyá mi á bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, á ká a, á sì mí kanlẹ̀. Èmi á máa sọ fún un pé kó ṣe kíá, wọ́n ti ń kọrin.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi, nítorí ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ tútù pamọ́ sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a kì í fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọbẹ̀. Ìyá mi pè mí láti yàrá. Ó ti dìde jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù wà létí rẹ̀. Ó ní, "Wá gbọ́. Wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà wa, láti ẹnu ọjà títí dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Gómìnà fúnra rẹ̀ ló wá ṣí i. Wọ́n ní iná náà ò lọ mọ́."

Mo ní, "Mọ́mì, rédíò ìjọba mà nìyẹn."

Ó ní òun mọ̀ pé rédíò ìjọba ni. Ó wá ní, "Mo fẹ́ máa lọ sílé."

Mo jókòó tì í. Kí n má parọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ló dùn mí. Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí wọ́n mú mi kúrò lọ́dọ̀ ìyá mi, tí mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Èkó. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé, ibẹ̀ ni mo ti lọ́kọ, ibẹ̀ ni mo ti wọ bàálù wá síbí. Láti ìgbà náà, èmi àti ìyá mi ò jọ gbé abẹ́ òrùlé kan náà pẹ́ tó báyìí rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bó ṣe ń hanrun ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé iyọ̀ ló ń bù sí gààrí, pé kò fẹ́ ṣúgà. Mo fẹ́ kó dúró tì mí. Mi ò tíì rí i tó.

Mo pe àbúrò mi ọkùnrin tó wà nílé, mo gbé ohùn fóònù sókè kí ìyá mi lè gbọ́. Mo ní, "Jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀dà wo, pé ibi tí gómìnà dúró sí tí wọ́n ti yà á ní fọ́tò nìkan ni ọ̀dà dé, pé ìyókù ṣì jẹ́ kòtò, òjò sì ti sọ kòtò di odò. Mo ní iná ńkọ́? Ó ní kí n má pa òun lẹ́rìn-ín mọ́. Mo wo ojú ìyá mi bí lọ́yà tó ti jàre. Ìyá mi ò mira. Ó sún mọ́ fóònù, ó ní, "Ẹgbẹ́ wo ni ìwọ wà?"  Ẹgbẹ́ alátakò ni àbúrò mi wà, òun gan-an ló ń bá wọn lẹ póstà ní wọ́ọ̀dù wa. Ìyá mi ní, "Kí ni mo wá fẹ́ kí o sọ?" Ó ní kí n pa fóònù.

Ọmọkùnrin náà ò gbà, ó fi fídíò ránṣẹ́. Mo gbé e síwájú ìyá mi. Kòtò rèé, omi rèé, ọlọ́kadà kan sì ń ti alùpùpù rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ìyá mi wò ó dáadáa, ó ní ọ̀nà ibòmíràn nìyẹn. Mo ní, "Mọ́mì, igi máńgòrò iwájú ilé wa mà nìyí." Ó ní igi máńgòrò pọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Inú bí mi. Èmi kì í pẹ́ bínú, kí ẹ ti mọ̀. Mo ní ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, ṣebí gómìnà ló ń bọ́ àwọn yẹn, kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Mo ní ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n tó báyìí, ẹ wá jókòó kí rédíò máa tàn yín. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ọkọ rẹ àti bàbá òyìnbó yìí, wọ́n ní rédíò tiwọn ń ṣe ojúsàájú. Èwo nínú wọn ló ti pa á?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Èwo nínú wọn ló ti tìtorí ẹ̀ kó kúrò nílùú?" Mo gbé báàgì mi, mo lọ síbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ nìkan ló kù láàárín wa. Ọkọ mi fẹ́ là wá. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, àjò kì í dùn kí onílé má relé." Mo ní kó lọ máa bá rédíò ẹ̀ jà, kó fi mí sílẹ̀. Ó lọ lóòótọ́. Ní kíṣìnì, mo ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lápá kan, mo ń gbọ́ Yorùbá lápá kejì, kò sì sí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé tí mò ń sanwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí a dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí i pé ó ń nira fún un láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n bá a bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó tutù. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó le koránkorán nígbà tó dé ti rọ̀, ó rọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́. Ìyá mi wò mí láti òkè, ó ní, "Ṣé o rò pé mi ò mọ igi máńgòrò mi ni?"

Mo gbé ojú sókè.

Ó ní, "Bàbá rẹ ló gbìn ín. Mo mọ̀ pé wọn ò da ọ̀dà kankan síbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni rédíò yẹn ti ń da ọ̀dà sí ọ̀nà wa. Gómìnà tó bá dé á da tirẹ̀."

Mo ní, "Kí lẹ wá ń gbọ́ ọ sí, Mọ́mì?"

"Wọ́n ń dárúkọ ìlú wa." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ ibi tí ara ti ń ro ó. "Ti Lọ́ndọ̀nù yìí, bí wọ́n gbè wá lẹ́yìn, bí wọn ò gbè wá lẹ́yìn, ṣé wọ́n mọ̀ wá ni? Àwọn tilé ń parọ́, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń pa á fún. Nígbà tí mo fi ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn, ṣé ọ̀dà wà níbẹ̀ ni? Ẹsẹ̀ mi mọ gbogbo kòtò rẹ̀." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Kì í ṣe pé o ò tọ́jú mi. O tọ́jú mi, Ọlọ́run á tọ́jú rẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ máa wọ aṣọ mi láti ilé."

Ẹkún ni mo sun. Wọ́n ti ń kọrin nínú ilé, mi ò sì ní kó ṣe kíá.

Ó lọ. Ọkọ mi ló wà wá lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, rédíò ọkọ̀ náà ò sì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, nítorí kò tàn án. Àbúrò mi tó lọ pàdé rẹ̀ ní Èkó sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe wọ ìlú wa ló ti ní kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró, pé òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Ó ní ó bọ́ bàtà, ó gbé e dání. Ó ní ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Báyìí, mo máa ń pè é kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Yàrá rẹ̀ ṣófo, mi ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn síbẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì, ara ńkọ́?" Ó ní ara le. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, ó ní ó ti lọ sílẹ̀. Mo ní iná ńkọ́, ó ní iná wà digbí, bẹ́ẹ̀ mò ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi náà á ka tèmi fún un, pé òtútù ò mú, pé iṣẹ́ ò le, pé mò ń sùn dáadáa.

Ní àárọ̀ àná, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà ti di rédíò ìjọba."

Ó rẹ́rìn-ín.  Ó wá ní, "Bí o bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, wá fojú ara rẹ rí i."

Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi, mi ò tíì délé. Mo ní, "Mò ń bọ̀, Mọ́mì. Mò ń bọ̀ láìpẹ́."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni gómìnà ń wí."